Làìbéríà: ìdìbò méjì lẹ́yìn ogun, àti ohun tó mú kí ẹ̀ẹ̀kejì dúró

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ìdìbò wá òpin ogun ní Làìbéríà. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1997. Charles Taylor ló wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Kò ju ọdún méjì lọ tí ìbọn fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní agbègbè Lofa. Ẹ̀ẹ̀kejì wáyé lọ́dún 2005. Láti ìgbà náà ogun kò tún bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ààrẹ mẹ́ta ni àwọn ará ìlú sì ti fi ìbò yàn tẹ̀lé ara wọn. Ilẹ̀ kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni, púpọ̀ nínú àwọn olórí ogun náà ṣì wà láyé nígbà náà, wọ́n ṣì ń ṣòṣèlú. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ti ṣe sí ìbọn àti sí àpò ìjọba kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fojú sí, nítorí pé nígbà tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè bá ń ran ìlú tí ogun ti tú ká lọ́wọ́, ọjọ́ ìdìbò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, nígbà tí Taylor àti ẹgbẹ́ ajagun rẹ̀, NPFL, gba ẹnubodè Ivory Coast wọ agbègbè Nimba. Samuel Doe, sójà tó fi ìbọn gbàjọba lọ́dún 1980, ni wọ́n wá lé. Àmọ́ kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kọjá ti Doe. Prince Johnson, tó ti yapa kúrò lẹ́yìn Taylor, mú Doe, ó sì pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, síbẹ̀ ogun kò dáwọ́ dúró. ECOWAS ti rán àwọn ọmọ ogun ECOMOG wọ Monrovia, olú ìlú, ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Nàìjíríà ló sì gbé èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn ń tẹ̀lé àdéhùn. Wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á tún dà á, títí wọ́n fi dé orí àdéhùn Àbújá ọdún 1995 àti àtúnṣe rẹ̀ ti ọdún 1996.

Àdéhùn Àbújá yẹn ló bí ìdìbò 1997, àlébù rẹ̀ sì hàn kedere bí a bá wò ó lónìí. Oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti gba ohun ìjà. Wọ́n sọ pé ECOMOG ni yóò bá wọn tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì ṣe tí wọ́n fi dìbò. Nígbà tí Taylor jókòó tán, ó ní ìjọba tí ará ìlú yàn ni tòun, kò sí àjèjì tí yóò kọ́ òun bí òun yóò ṣe tún ọmọ ogun òun tò. Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kún inú àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ló dìbò fún un nítorí ìbẹ̀rù pé bí kò bá wọlé, yóò padà sínú igbó. Ìbò tí ènìyàn dì kí wọ́n má bàa yìnbọn lù ú kì í ṣe ìbò tó lè gbé ìjọba ró. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ LURD ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Gínì wọlé. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, MODEL, gba ìhà Ivory Coast wọlé ní tiwọn.

Ọdún 2003 ni gbogbo rẹ̀ dà rú pátápátá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, bí Taylor ṣe wà ní Akrá níbi ìpàdé àlàáfíà, Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe fún Sierra Leone kéde ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ogun tí wọ́n fi kàn án. Gánà kò mú un, ó fò padà sílé. LURD sì ń rọ̀jò ọta lé Monrovia lórí. Àwọn obìnrin ìlú, Mùsùlùmí àti Kristẹni, tí Leymah Gbowee jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ti ń jókòó lábẹ́ oòrùn àti òjò pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, wọ́n ń bèèrè pé kí ogun dópin. Àwọn kan nínú wọn bá àwọn aṣojú dé Akrá, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa jáde àfi kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀. Mo kà wọ́n mọ́ àwọn tó dá àlàáfíà náà sílẹ̀ gan-an, nítorí pé nígbà náà àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ipò mínísítà ju lórí ẹ̀mí ènìyàn lọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ṣíwájú ikọ̀ ECOWAS tuntun balẹ̀ sí Làìbéríà. Ní ọjọ́ 11, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó kọjá sí Calabar. Ní ọjọ́ 18, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn àlàáfíà ní Akrá, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló darí ìjíròrò náà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìpinnu 1509 dá UNMIL, ikọ̀ aláàbò àlàáfíà rẹ̀ ní Làìbéríà, sílẹ̀, tí ọmọ ogun rẹ̀ lè tó 15,000. Fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta lọ nígbà náà, agbára tó pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n fi ra àlàáfíà yẹn. Ìjọba fìdíhẹ ni wọ́n gbé kalẹ̀, Gyude Bryant, oníṣòwò kan tí kò gbé ìbọn rí, ni wọ́n fi ṣe alága. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ìbọn ni wọ́n pín ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba fún: àwọn ènìyàn Taylor gba mínísítà márùn-ún, LURD gba márùn-ún, MODEL gba márùn-ún, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ará ìlú pín mẹ́fà tó kù. LURD ló gba ilé iṣẹ́ ìṣúná. Nínú ìjókòó 76 ilé aṣòfin fìdíhẹ, 36 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí bí wọn ì bá ṣe yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, nígbà tí òkú ń bẹ nígboro Monrovia. Ohun tó gba àdéhùn náà là ni gbólóhùn kan tí wọ́n fi sínú rẹ̀: alága fìdíhẹ, igbákejì rẹ̀ àti àwọn mínísítà àgbà kò gbọ́dọ̀ díje nínú ìdìbò ọdún 2005. Ẹni tó bá jẹ nínú ìjọba fìdíhẹ kò ní lè fi agbára ìjọba náà gbé ara rẹ̀ wọlé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn Akrá, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìbọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2003, UNMIL ṣí ibùdó ìgbohun-ìjà ní Camp Schieffelin, ní ẹ̀yìn Monrovia. Àwọn ọmọ ogun tó ti dé kò tíì tó ìdajì iye tí wọ́n ṣèlérí. Àyè tí wọ́n pèsè kò ju ti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ. Àwọn ajagun ìjọba Taylor àtijọ́ ya dé lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún, wọ́n ti gbọ́ pé owó wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí i gbà, wọ́n padà sí ìgboro pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń jalè, ẹ̀mí sì ṣòfò. Láti pa iná náà, wọ́n sáré san dọ́là 75 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ju 12,000 ènìyàn tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kò parí tí wọ́n fi ti gbogbo ètò náà pa.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Wọ́n mú ọjọ́ kí wọ́n tó ní ọmọ ogun tó lè dáàbò bo ibùdó. Wọn ò tíì bá àwọn ọ̀gá ogun jókòó láti gba orúkọ àwọn ọmọ wọn. Wọn ò tíì sọ fún àwọn ajagun ní èdè tó yé wọn pé owó náà kì í ṣe owó ìbọn, àti pé ìgbà méjì ni wọn yóò san án, lẹ́yìn ìgbà tí ènìyàn bá ti kúrò ní ibùdó. Ìfẹ́ láti fi hàn àwọn tó ń dáwó pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló tì wọ́n síwájú. Mo rò pé gbogbo ẹni tó bá ń darí irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ka ìtàn Schieffelin kí ó tó buwọ́ lu kàlẹ́ńdà kankan.

Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2004, Gbarnga ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bá olú ìlú. Àwọn ọmọ ogun ti pọ̀ tó, wọ́n sì ti tàn ká àwọn agbègbè. Wọ́n ti kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ sọ bí ètò náà yóò ṣe rí fún àwọn ajagun ní ibi tí wọ́n wà. Dọ́là 300 ni owó náà, 150 lẹ́ẹ̀kan, 150 lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò náà kò dàrú bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n fi parí lápá ìparí ọdún náà, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tó ti forúkọ sílẹ̀ pé ajagun làwọn.

Nígbà tí wọ́n ń gbèrò ètò náà, nǹkan bí 38,000 ni wọ́n fojú bù pé àwọn ajagun jẹ́. Ìbọn tí wọ́n sì gbà kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Ìyẹn ni pé bí ìbọn kan bá yọjú, ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin ló tẹ̀lé e. Ìdí ni pé wọ́n gbà kí ènìyàn mú ọta 150 wá dípò ìbọn. Àwọn ọ̀gá ogun pín ọta fún àwọn aládùúgbò àti ẹbí, wọ́n sì ń bá wọn pín owó náà. Àwọn kan sọ pé ìfowóṣòfò pátápátá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ó ju 22,000 obìnrin lọ nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọdé sì tó nǹkan bí 11,000. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe ìbọn ni wọ́n gbé. Ẹrù ni wọ́n rù, oúnjẹ ni wọ́n sè, àwọn ọmọbìnrin kan sì ni àwọn ọ̀gá fi agbára sọ di ìyàwó. Ká ní ìbọn nìkan ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àwọn wọ̀nyí ni yóò kù síta. Ohun tó burú ni pé owó tí wọ́n ní fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ti iye àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe ti 100,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúró fún oṣù, fún ọdún, kí wọ́n tó rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀. Títí di ọdún 2009 ni ìpele ìkẹyìn ètò náà kò parí. Lára àwọn tó wà láìníṣẹ́ ni àwọn tó gba oko rọ́bà Guthrie, tí wọ́n ń kọ rọ́bà ibẹ̀ tà fún ara wọn, títí ìjọba àti UNMIL fi gbà á padà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006.

Apá kejì ni àpò ìjọba. Bí ìjọba fìdíhẹ ṣe ń lọ, àyẹ̀wò ìwé owó tí àwọn ará Yúróòpù àti ECOWAS ṣe fi hàn pé owó ń jò ní báńkì àgbà, ní èbúté, ní ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀, ní ilé iṣẹ́ epo. Ó yẹ kí ó yé wa pé owó igi gẹdú, dáyámọ́ńdì àti ọkọ̀ ojú omi ló bọ́ ogun Taylor. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé tó jí owó díẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, oṣù kan ṣáájú ìdìbò, wọ́n mú kí Bryant buwọ́ lu ètò kan tí wọ́n ń pè ní GEMAP. Ohun tó sọ ni pé ní àwọn ọ́fíìsì tí owó ń gbà wọlé, onímọ̀ láti òkèèrè gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé owó pẹ̀lú ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Bí ọwọ́ méjì kò bá sí lórí rẹ̀, owó kò ní jáde.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Làìbéríà bínú, ìbínú wọn sì tọ́ sí wọn. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn pé àjèjì ni yóò máa ka owó ilé òun. Síbẹ̀, mo gbà pé láìsí ètò yẹn ìdìbò 2005 kì bá tí yàtọ̀ sí ti 1997 púpọ̀, nítorí pé ẹni tó bá wọlé yóò kàn bá àpò tó ṣí sílẹ̀ ni. Ìṣúná ọdún àkọ́kọ́ Ellen Johnson Sirleaf, ẹni tó wọlé nínú ìdìbò 2005 náà, kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 80 dọ́là lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2012 ó ti kọjá mílíọ̀nù 500. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010 ni wọ́n fagi lé gbèsè òkèèrè tó ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Ibi tí GEMAP kù sí ni pé ọwọ́ àjèjì dí ihò ní àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n fi í sí, àmọ́ nígbà tí ó kúrò, àwọn ilé ẹjọ́ tí yóò fìyà jẹ olè kò tíì lágbára. Sirleaf fúnra rẹ̀ sọ níwájú ilé aṣòfin ní ọdún 2017 pé ìlérí tí òun ṣe nípa ìwà àjẹbánu kò tíì ṣẹ tán.

Ìdìbò náà gan-an kò gùn láti sọ. Olùdíje 22 ló jáde fún ipò ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2005. George Weah ló ṣíwájú pẹ̀lú ìdá 28.3, Sirleaf tẹ̀lé e pẹ̀lú 19.8. Ní àtúndì ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, Sirleaf gba 59.4, Weah 40.6. Àwọn ọ̀dọ́ Weah jáde sígboro, wọ́n ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ; Weah gbé ẹ̀sùn lọ síwájú àjọ ìdìbò, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Lọ́dún 1997, ẹni tí inú ń bí ní ẹgbẹ́ ogun lẹ́yìn. Lọ́dún 2005 kò sí èyí tó ní.

Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí Taylor kọ̀ láti gbà. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ ká pátápátá, wọ́n san owó ìdágbére fún ohun tó ju 13,000 ènìyàn lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tuntun láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn bíi 2,000 péré. Amẹ́ríkà ló san owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni ló sì kọ́ wọn. Wọ́n ń wádìí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ wọlé ní abúlé rẹ̀ bóyá ó ti ṣe ènìyàn ní ibi rí. Ọ̀gágun ọmọ Nàìjíríà ló darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Làìbéríà títí di ọdún 2014, nígbà tí Daniel Ziankahn, ọmọ ilẹ̀ náà, gba ipò lọ́wọ́ Suraj Abdurrahman. Inú mi dùn sí apá yìí, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni ìdánwò dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ebola ń pa ènìyàn, ìjọba fi sójà àti ọlọ́pàá sé àdúgbò West Point mọ́ ní Monrovia. Àwọn ènìyàn bínú, sójà yìnbọn, ọmọdékùnrin kan sì kú. Ọmọ ogun tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ni wọ́n lò fún iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì àti àwọn àgbà àdúgbò ì bá ṣe. Ohun tó dín Ebola kù níkẹyìn, lẹ́yìn tó ti pa ènìyàn tó lé ní 4,800 ní Làìbéríà, ni pé àwọn ará àdúgbò fúnra wọn gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, wọ́n ń wá aláìsàn kiri, wọ́n sì gbà kí wọ́n máa sin òkú lọ́nà tí kò léwu.

UNMIL kò sáré lọ. Ọdún dé ọdún ni wọ́n ń dín ọmọ ogun kù, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni wọ́n tó fa ètò ààbò lé Làìbéríà lọ́wọ́. Wọ́n dúró kí ìdìbò 2017 ó kọjá lójú wọn, láìjẹ́ pé àwọn ló ṣọ́ ọ. Ìdìbò yẹn sì fi ohun kan hàn tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè rí tẹ́lẹ̀ lọ́dún 2003: Charles Brumskine, tó ṣe ipò kẹta, gba ilé ẹjọ́ lọ pé màgòmágó wà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá àtúndì tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá dúró, gbogbo ènìyàn sì dúró de ilé ẹjọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dìbò. Weah borí Joseph Boakai, igbákejì ààrẹ Sirleaf, Sirleaf sì gbé ipò fún un ní oṣù Kìíní ọdún 2018. Nígbà náà, ó ti ju àádọ́rin ọdún lọ tí ààrẹ tí wọ́n yàn ti fa ìjọba lé ààrẹ mìíràn tí wọ́n yàn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹta, UNMIL palẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọdún 2023, Boakai fi ìbò tó lé díẹ̀ ní 20,000 borí Weah, Weah sì pè é kí i kí wọ́n tó ka èsì tán.

Ohun tí wọn ò ṣe ni ìdájọ́. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2009, ó ní kí wọ́n gbé àwọn olórí ogun lọ sílé ẹjọ́, ó sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn kan, tó fi mọ́ Sirleaf, di ipò ìjọba mú fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 2011 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ìjìyà yẹn kò bá òfin mu, ọ̀rọ̀ sì sùn síbẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ eèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ṣètò Akrá ń rò nìyẹn, mo sì lóye wọn ní ọdún 2003. Ní ọdún 2013 kò sí àwíjàre yẹn mọ́. Taylor ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún 50 jura, ṣùgbọ́n nítorí ohun tó ṣe ní Sierra Leone ni. Nítorí Làìbéríà, àwọn ilé ẹjọ́ òkèèrè ló dá ènìyàn lẹ́jọ́: Amẹ́ríkà rán ọmọ Taylor, Chucky, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 97 lọ́dún 2009, Switzerland dá Alieu Kosiah lẹ́bi lọ́dún 2021. Prince Johnson di sẹ́nétọ̀ fún Nimba láti ọdún 2006, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 kan náà ni Boakai buwọ́ lu àṣẹ tó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láti ṣètò ilé ẹjọ́ fún ìwà ọ̀daràn ogun àti ti ọrọ̀ ajé. Ohun tí mo ń fẹ́ kí àwọn tó fi owó àti ọmọ ogun ran Làìbéríà lọ́wọ́ ṣe báyìí ni kí wọ́n tún fi owó ran ọ́fíìsì yìí lọ́wọ́, ní pàtàkì láti gba ẹ̀rí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1990 sí 2003, kí wọ́n sì dáàbò bo ẹni tó bá jẹ́rìí. A lè tún òfin kọ, a lè tún ilé ẹjọ́ kọ́ nígbàkúùgbà, àmọ́ àwọn ẹlẹ́rìí ń darúgbó.